Ẹ̀rọ awárin: ṣé olówó ńlá ni kí o rà, àbí olówó pọ́ọ́kú?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Chatham, ní Kent, pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ o. Mo ti tu £1,500 jọ. Metal detector tuntun yẹn ni mo fẹ́ rà, èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo wọn. Kí lẹ rí sí i?"

Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ń lọ sóko lóṣù. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì, bí iṣẹ́ alẹ́ ò bá dí òun lọ́wọ́. Mo tún bi í pé oko ta ló ń lọ. Ó dákẹ́. Mo ní kó má tíì sanwó, kó jẹ́ kí n kọ èrò mi sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo kọ rèé, torí òun kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí ní ìbéèrè yìí.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí: ọ̀pá ni, ó ní àwo róbótó nísàlẹ̀, ó sì ní ojú kékeré lókè tó ń gbé nọ́ńbà jáde láti fi sọ irú irin tó gbọ́. Wàá fi headphone bo etí, wàá máa fi àwo náà lọ, máa fi bọ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni ń gbá àgbàlá láàárọ̀. Wáyà tí wọ́n ká sínú àwo náà ń rán agbára òòfà sínú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin, iná kékeré á máa yí po nínú irin náà, irin náà á wá rán agbára tirẹ̀ padà sókè. Ìyẹn lẹ̀rọ ń gbọ́ tó fi ń dún. Ẹ̀rọ awárin ni mo máa pè é láti ibí lọ. Màmá mi nílé ò tíì fi gbogbo ara gbà pé kì í ṣe ẹbọ olẹ́bọ ni mò ń hú kiri.

Ipò mẹ́ta tí wọ́n wà

Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ lè máa lọ bí ogún oríṣi, ṣùgbọ́n ipò mẹ́ta ni mo pín wọn sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí owó rẹ̀ wà láàárín £200 sí £300: Minelab Vanquish 340, Garrett ACE 300i, Nokta Simplex. Èkejì ni ti àárín, bíi £450 sí £850: àwọn Minelab Equinox àti Nokta Legend. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọlọ́lá, láti nǹkan bíi £1,200 lọ sókè: XP Deus II ti ilẹ̀ Faransé àti Minelab Manticore ti Ọsirélíà. Owó wọn ń lọ sókè, ń bọ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Vanquish 340 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Equinox 800 àlòkù ni mo ń lò báyìí. Deus II ti ọ̀rẹ́ mi kan ni mo máa ń yá bó bá wù mí kí n ṣe fáàrí.

Ṣé olówó ńlá ń gbọ́ ohun tó jìn jù bẹ́ẹ̀?

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kówó dànù. Èrò wọn ni pé bí £300 bá gbọ́ ohun tó wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan nísàlẹ̀, £1,500 á gbọ́ ti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Agbára tí àwo ń rán wọlẹ̀ ń rẹ̀ bó ṣe ń lọ, èyí tí irin rán padà náà tún ń rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Bí kọ́ìnì kékeré kan bá wà níbi tó jìn ní ìlọ́po méjì, ohùn tó máa padà dé etí ẹ̀rọ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré ní ìlọ́po 64. Ilẹ̀ ló ń gba ìyẹn lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀rọ, àti ti tálákà àti ti olówó.

Mo dán an wò lẹ́yìn ilé mi. Mo mú sísì kan tí wọ́n rọ láyé Ọbabìnrin Victoria, fàdákà, tó ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Mo kọ́kọ́ rì í sí sẹ̀ǹtímítà 10: ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ké tantan. Mo rì í sí 18: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì gbọ́ ọ, àmọ́ nọ́ńbà tó wà lójú Vanquish ń fò káàkiri bíi tata. Mo rì í sí 25: Vanquish ò gbọ́ nǹkan kan. Equinox ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí mo bá gbé àwo láti apá kan, bí mo bá gba apá kejì ó dákẹ́. Deus II náà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tirẹ̀ mọ́ díẹ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà irin ìpáǹle ló gbé jáde fún fàdákà. Ẹni tí kò bá tíì fi ọdún méjì kọ́ etí rẹ̀ á kọjá lọ ni, á ní ìṣó ni. Ohun tí owó tó ju £1,000 fi gbà síwájú ò ju ìbú ìka mélòó kan lọ, ìka náà sì nílò etí tó mọṣẹ́.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Oko tí wọ́n ti ń ro láti ayébáyé, ìtúlẹ̀ ẹ̀rọ wọn kì í sábà ju bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 lọ. Ibẹ̀ náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń rí máa ń wà, torí ìtúlẹ̀ ló ń gbé e sókè sódò. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, kò yẹ kí o máa fi ṣọ́bìrì wú u bí ẹni ń wu iṣu. Ní ọdún 2010, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Crisp rí ìkòkò kan nítòsí Frome, ní Somerset. Bó ṣe rí i pé kọ́ìnì ló kún inú rẹ̀, ó bo ihò náà padà, ó sì pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Kọ́ìnì Róòmù 52,503 ni wọ́n kà níbẹ̀. Torí ó ní sùúrù, wọ́n lè kó o jáde ní ìpele ìpele, kí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe kó owó náà síbẹ̀.

Etí òkun: ibi tí ti àárín ti na àwọn yòókù

Bó bá jẹ́ Margate tàbí Ramsgate lò ń lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Omi iyọ̀ máa ń gbé iná, ẹ̀rọ sì máa ń ṣèèṣì kà á sí irin. Ẹ̀rọ olóhùn kan, èyí tó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, kò mọ bó ṣe lè ya iyọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òrùka. Á máa ké lórí iyanrìn tútù bí ọmọ tí eyín ń dùn. ACE 300i tó ń lo ìwọ̀n 8 kHz nìkan wà nínú irú èyí. Simplex+ tó ń lo 12 kHz náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ olóhùn púpọ̀ ń sọ̀rọ̀ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, á fi èyí wé tọ̀hún, á sì mú ariwo iyọ̀ kúrò.

Ẹ wá wo àjálù ẹni tó ra pọ́ọ́kú fún etí òkun. Simplex+ lè wọ inú omi dé mítà 3 láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bó bá débẹ̀ iyọ̀ á dà á lórí rú. Vanquish 340 ní tirẹ̀ jẹ́ olóhùn púpọ̀, kò bẹ̀rù iyọ̀, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ nìkan ló lè wọ omi. Bí ìgbì bá kan orí rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ọ̀kan lè wọ omi, kò lè gbọ́ràn. Èkejì lè gbọ́ràn, kò lè wọ omi. Equinox 600 tàbí 800 ń ṣe méjèèjì, ó ń wọ omi dé mítà 3. Nokta Legend náà ń ṣe é. Deus II lè wọ omi dé mítà 20, ó dára púpọ̀, àmọ́ ìwọ tó ò lè lúwẹ̀ẹ́, kí lo fẹ́ lọ ṣe ní mítà 20?

Àárín ìṣó: ibi tí olówó ńlá ti ń jẹ orúkọ rẹ̀

Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn ẹ̀rọ ńlá. Ibì kan wà tí mo ti ń jowú ọ̀rẹ́ mi tó ní Deus II, ìyẹn orí ilẹ̀ tí ilé ti wà nígbà kan rí. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìṣó ló kún un bí àtẹ alágbẹ̀dẹ. Bí kọ́ìnì kékeré bá fara ti ìṣó, ẹ̀rọ pọ́ọ́kú á gbọ́ ìṣó náà, kó tó sinmi kúrò nínú ohùn yẹn, àwo á ti kọjá kọ́ìnì. Deus II yára. Á sọ "ìṣó", á tún sọ "fàdákà", á tún sọ "ìṣó" kí o tó mí. Níbi tí Vanquish mi ti dákẹ́ lọ gbári, òun ló hú kọ́bọ̀ fàdákà pẹlẹbẹ kan jáde, tín-ín-rín bí èékánná, irú èyí tí wọ́n fi òòlù lù láyé ìgbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń tẹ owó.

Ṣùgbọ́n kí o tó fò sókè: bí o bá yọ àwo ńlá ara Equinox, tí o fi àwo kékeré onínṣì mẹ́fà sí i, wàá rí èyí tó pọ̀ gbà nínú àǹfààní yìí láìra ẹ̀rọ tuntun. Àwo kékeré kì í wo ìṣó mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀rọ tuntun. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ èyí fún ọ.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà náà rèé, nítorí òun ló ń tan ẹni tuntun jẹ jù. Lójú Equinox mi, etí agolo ohun mímu, ìyẹn òrùka tí à ń fà ká lè ṣí agolo, sábà máa ń jẹ́ 13 tàbí nọ́ńbà tó múlé tì í. Òrùka wúrà náà lè jẹ́ 13. Kò sí ẹ̀rọ £200 tàbí £1,500 kan lórí ilẹ̀ ayé tó lè bá ọ ya méjèèjì sọ́tọ̀ láìhú u. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan mo hú nọ́ńbà 13 mẹ́sàn-án lórí oko kan náà. Mẹ́jọ jẹ́ etí agolo. Ìkẹsàn-án jẹ́ bọ́tìnì idẹ olórí yíyọ, tí wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ níbi tí okùn ti fà á. Ká ní mo ti ní kí ẹ̀rọ má dún fún 13, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, ó ṣì máa wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ báyìí.

Èjìká rẹ

Deus II kò ju bíi grámù 750 lọ. Equinox àti Simplex tó nǹkan bíi kílò 1.3. Lójú pépà, kò jọ ohun tó yẹ ká máa sọ. Fi apá kan gbé e fún wákàtí mẹ́fà, lẹ́yìn tí o ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbé àwọn arúgbó sókè lórí bẹ́ẹ̀dì níbi iṣẹ́. Bí èjìká bá ti ń dùn ọ́ tẹ́lẹ̀, tàbí tí o ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, èmi ò ní bá ọ jiyàn lórí £1,200. Ìdí yìí lágbára ju ọ̀rọ̀ jíjìn lọ.

Ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà

Àbúrò mi ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún lọ́dún, bí òjò àti ìrúgbìn ò bá dí i lọ́wọ́, torí bí àlìkámà bá ti hù, àgbẹ̀ ò ní jẹ́ kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá lo ẹ̀rọ £1,500 fún ọdún méjì, nǹkan bíi £31 ni ìrìn kọ̀ọ̀kan ń jẹ, kó tó ra epo mọ́tò. Ẹ̀rọ £300 ń jẹ bíi £6. Òótọ́ ni pé olówó ńlá ṣeé tà padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun kan ti ń bọ̀ lọ́nà láti jẹ́ kó di ẹ̀yìn. Equinox 800 jáde ní 2018, gbogbo ayé ní òun ni àgbà. Nígbà tó fi máa pé bí ọdún márùn-ún, ilé iṣẹ́ kan náà ti gbé Equinox 900 àti Manticore jáde.

Owó tó bá ṣẹ́kù, ohun tó yẹ kí o fi rà rèé. Pinpointer ni àkọ́kọ́, ọ̀pá kékeré tí wàá tì bọ inú ihò kó tọ́ka sí ibi tí irin wà gan-an. Ó lè tó £100 sí £130. Láìsí i, ìdajì ọjọ́ rẹ á lọ lórí ìkúnlẹ̀, níbi tí o ti ń fi ọwọ́ tú amọ̀. Èkejì ni ṣọ́bìrì tó lágbára, nítorí ilẹ̀ Kent ní òkúta akọ. Ẹ̀kẹta ni kí o wọ ẹgbẹ́ tó ní ìnṣọ́ránsì, bíi NCMD, àjọ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ awárin ní Britain, torí àwọn àgbẹ̀ kan á kọ́kọ́ bèèrè ìwé yẹn.

Ohun tó wọ́n jù, owó kọ́ ni wọ́n fi ń rà á: ìyọ̀ǹda oko. Kò sí ẹ̀rọ tó lè rí ohun tí kò sí nílẹ̀. Oko dáadáa tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé ẹ̀rọ dé ju Manticore lọ lọ́wọ́ mi. Ó sì ní ìnira tirẹ̀ fún irú wa. Èèyàn dúdú gíga kan tó dé ẹnu géètì àgbẹ̀ lójijì, ajá ló máa kọ́kọ́ kí i. Mo kọ lẹ́tà ṣáájú, mo fi nọ́ńbà fóònù mi àti ìwé ìnṣọ́ránsì sí i, mo sì lọ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Méje kọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, ìyá àgbà kan, ní kí n wọlé wá mu tíì, ó bi mí bóyá mo mọ ìlú Ìbàdàn, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Oko yẹn ni mo ń lọ títí dòní.

Ta ló rí èyí tó tóbi jù?

Terry Herbert ló rí ìṣúra Staffordshire ní oṣù Keje ọdún 2009: wúrà àti fàdákà àwọn jagunjagun Anglo-Saxon, tí wọ́n dá iye rẹ̀ sí £3.285 mílíọ̀nù, tí òun àti àgbẹ̀ tó ni oko pín sí méjì. Ẹ̀rọ tó gbé lọ́wọ́ ti lo ọdún 14. Eric Lawes ní Hoxne, Suffolk, ní oṣù Kọkànlá 1992, òòlù ọ̀rẹ́ rẹ̀ àgbẹ̀ tó sọnù ló ń wá. Kọ́ìnì wúrà àti fàdákà ti Róòmù tó lé ní 14,000 ló pàdé; òòlù náà wà ní British Museum báyìí. Wọ́n wà lórí ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n wà, ìyẹn ló ṣiṣẹ́ fún wọn.

Àwọn méjèèjì sì jẹ́ kí ìjọba mọ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, bí ohun tí o rí bá wà lára ohun tí òfin ìṣúra ti 1996 kà sí ìṣúra, ọjọ́ 14 lo ní láti sọ fún coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ikú àti ti ìṣúra. Àwọn ọkùnrin méjì tó rí wúrà àti kọ́ìnì ayé Viking nítòsí Leominster ní 2015, tí wọ́n tà á lábẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n bá ara wọn ní 2019. Ibi tí ìjọba ti fi òfin dáàbò bò, má gbé ẹ̀rọ débẹ̀ rárá. Scotland àti Northern Ireland ní òfin tiwọn, èyí tó le ju ti ibí lọ.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, torí wọ́n ń bi mí ṣáá: má ra ẹ̀rọ yìí kí o gbé e lọ sí Ìjẹ̀ṣà láti lọ wá wúrà. Wúrà tí wọ́n ń fi abọ́ jọ̀ nínú odò níbẹ̀, ẹ̀rún bí iyanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wá kọ́ìnì ò lè gbọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ ère àti ohun àtijọ́ lo ní lọ́kàn, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ò gbà kí o máa wa ilẹ̀ wá irú rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́.

Èwo ni kí o rà?

Bí o kò bá tíì mọ̀ bóyá eré yìí á bá ọ lára mu, ra Vanquish 340. Òun ló bá mi rí ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti hú: kọ́bọ̀ oníhò láàárín, tí wọ́n kọ British West Africa sí lára, tó ní ìràwọ̀ orígun mẹ́fà, irú èyí tí bàbá mi ná nígbà tó wà ní ilé ìwé. Mi ò mọ ọ̀nà tó gbà dé inú oko ní Kent. Kò tà ju póùn kan lọ. Mo fi okùn sí i, ó wà lára kọ́kọ́rọ́ mi.

Bí o ti mọ̀ pé o máa tẹ̀síwájú, ti àárín ni, kó sì jẹ́ àlòkù. Ṣùgbọ́n má ra àlòkù tí o kò fojú rí. Mo rán owó sí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan, ẹ̀rọ dé, wáyà àwo ti gé nínú, ẹni náà ò gbé fóònù mọ́. Lọ bá a nílé, gbé kọ́ìnì tìrẹ dání, jù ú sílẹ̀, yí wáyà náà pẹ̀lú ọwọ́ nígbà tó ń dún. Bó bá ń dákẹ́ bí o ṣe ń yí i, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o máa lọ. Bèèrè rìsíìtì, kí o sì rí i pé nọ́ńbà ara ẹ̀rọ bá ti inú ìwé mu, torí ayédèrú wà lọ́jà.

Olówó ńlá tọ́ sí ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹni tí oko rẹ̀ kún fún ìṣó, àti ẹni tí èjìká ń dùn.

Àbúrò mi ka ìwé yìí, ó bínú díẹ̀, ó sì lọ ra Equinox 800 àlòkù ní ilé ẹnì kan ní Maidstone. Ó ra pinpointer. Ó kọ lẹ́tà márùn-ún, ẹnì kan dáhùn. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta tó kọjá, fóònù mi dún kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Nọ́ńbà 13 ni. Ó jọ ti agolo. Ṣé kí n fi sílẹ̀?"

"Hú u."